Ta Ni Yóò Jókòó? Ìtàn Yàrá Sinimá Inú Ilé

Bí ọ̀rẹ́ yín kan ní Ìbàdàn bá pariwo pé òun ti ra họ́ọ̀mù tíátà, ẹ ti mọ ohun tó ń sọ. Páálí ńlá kan ni: ẹ̀rọ DVD, sípíkà kéékèèké márùn-ún, àti wúfà kan tó máa ń mú kí ìdí àga gbọ̀n. Wọ́n á tò ó yí tẹlifíṣọ̀n ká nínú pálọ̀, wọ́n á yí ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé nǹkan tuntun ti wọlé.

Ní Amẹ́ríkà tí orúkọ yẹn ti wá, họ́ọ̀mù tíátà kì í ṣe páálí. Odidi yàrá ni. Yàrá tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ tó ṣókùnkùn, tí àga inú rẹ̀ wà ní ìpele-ìpele bíi ti gbọ̀ngàn sinimá, tí aṣọ ńlá funfun kan sì dojú kọ àwọn àga náà. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ kì í sì í fi í mọ síbẹ̀. Wọ́n á tún wọ aṣọ fún yàrá náà. Ẹnìkan á ní kí tòun dà bí inú ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars. Ẹlòmíràn á ní òpó tẹ́ńpìlì Íjíbítì lòun fẹ́, pẹ̀lú àwòrán ẹyẹ àti àwòrán ojú lára ògiri. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n fi ìràwọ̀ sí àjà, kó lè dà bíi pé ìta gbangba lòun jókòó sí lálẹ́.

Èèyàn lè sọ pé ìwà olówó nìyẹn, kó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún yàrá yìí ti pẹ́ ju fídíò lọ, ó pẹ́ ju tẹlifíṣọ̀n pàápàá lọ. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà, a ó rí i pé ìbéèrè kan ló ń bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀: nígbà tí wọ́n bá ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ tán, ta ni wọ́n máa ń jẹ́ kó wọlé wá jókòó?

Ojú kan, lẹ́yìn náà ojú púpọ̀

Sinimá kò bá èrò wá sáyé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1894, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Broadway ní New York, wọ́n sì to àpótí onígi mẹ́wàá síbẹ̀. Kinetoscope ni orúkọ àpótí náà, ilé-iṣẹ́ Thomas Edison ló ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ wòran á san sẹ́ǹtì 25, á bẹ̀rẹ̀, á fi ojú sí ihò kékeré tó wà lórí àpótí, á sì rí àwòrán tó ń rìn. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan tó fi máa tán. Á bọ́ sí ìdí àpótí tó kàn, títí á fi wo márùn-ún. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè lo àpótí kan lẹ́ẹ̀kan náà. Tọkọtaya tó bá jọ wá kò lè jọ wò ó. Ọ̀kan á dúró kí èkejì fi ojú rẹ̀ kúrò.

Ní Faransé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Auguste àti Louis Lumière, gba ọ̀nà míràn. Ẹ̀rọ tiwọn ń tan àwòrán sára aṣọ funfun, kí gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá lè jọ rí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, wọ́n fi fíìmù mẹ́wàá han àwọn èèyàn ní ìsàlẹ̀ ilé ìgbafẹ́ kan ní Paris tó ń jẹ́ Grand Café. Èèyàn 33 ló sanwó, faranki kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni "wíwò" di "jíjọ wò", ọjọ́ yẹn sì ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń kà sí ọjọ́ ìbí sinimá.

Ẹ jẹ́ ká fetí sí orúkọ yàrá náà: Salon Indien, ìyẹn Yàrá Íńdíà. Kì í ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìgbafẹ́ náà ló ni orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ó yẹ ní àkíyèsí pé kí sinimá tó ní ilé tirẹ̀ rárá, orúkọ ilẹ̀ òkèèrè ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti wò ó.

Ààfin olówó pọ́ọ́kú

Nígbà tó fi máa di ọdún 1905, àwọn oníṣòwò méjì ní Pittsburgh ṣí ṣọ́ọ̀bù sinimá tí wọ́n pè ní Nickelodeon. Sẹ́ǹtì márùn-ún lowó ìwọlé. Láàárín ọdún díẹ̀, irú rẹ̀ ti wà ní gbogbo ìlú Amẹ́ríkà. Yàrá gbọọrọ ni, pẹ̀lú àga onígi lásán, òkùnkùn àti òórùn òógùn. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Yúróòpù ló ń lọ síbẹ̀ jù. Àwọn ẹlẹ́ni-iyì kì í fẹ́ kí wọ́n rí wọn níbẹ̀.

Oníṣòwò tó bá fẹ́ owó àwọn ẹlẹ́ni-iyì ní láti wá nǹkan ṣe sí yàrá náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ ọ́ di ààfin. Ní Hollywood, Sid Grauman ṣí Egyptian Theatre ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1922. Ó fi òpó ràbàtà mẹ́rin sí iwájú rẹ̀, ó sì fi àgbàlá gígùn kan síbẹ̀ tí èrò gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ibojì Ọba Tutankhamun ló mú un lọ́kàn. Rárá o. Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ni wọ́n rí àtẹ̀gùn tó já sí ibojì yẹn, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí Grauman ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1927, ó tún ṣí Chinese Theatre, tó gbé àwòrán dírágónì ńlá síwájú.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà jìnnà jù ni ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ John Eberson, tí wọ́n bí sí ilẹ̀ ọba Austria-Hungary ní 1875, tó sì wá sí Amẹ́ríkà ní 1901. Nígbà tó kọ́ Majestic Theatre ní Houston ní 1923, ó ní òun ò fẹ́ àjà kankan tó kún fún ọnà. Ojú ọ̀run lòun fẹ́. Ó fi pilásítà tó ń dán, bíi P.O.P. tiwa, ṣe àjà tó tẹ̀ kọdọrọ, ó kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run alẹ́, ó fi gílóòbù kéékèèké síbẹ̀ bí ìràwọ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ kan pamọ́ tó ń tan àwòrán ìkùukùu kọjá lórí àwọn èrò. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì, ó kọ́ ojú ilé, fèrèsé, òrùlé àti igi, tí èèyàn á fi rò pé àgbàlá ìlú kan ní Ítálì tàbí Sípéènì lòun jókòó sí. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, ó sì dín owó kù, nítorí ojú ọ̀run onípilásítà kò wọ́n tó àjà tí wọ́n fi góòlù àti kírísítálì ṣe.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1927, Roxy ṣí ní New York pẹ̀lú ìjókòó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọbìnrin tó ń ranṣọ ní ilé-iṣẹ́ láti àárọ̀, tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú àwọn àbúrò mẹ́ta, lè san owó díẹ̀, kó gba orí kápẹ́ẹ̀tì kọjá lábẹ́ òpó òkúta, kí ọmọ ọ̀dọ̀ aláṣọ-iṣẹ́ sì máa pè é ní "màdáámù". Fún wákàtí mẹ́ta, ààfin náà jẹ́ tirẹ̀. Ìlérí tí wọ́n fi ń polówó àwọn gbọ̀ngàn yìí nìyẹn: ẹni gbogbo ni ọba níbí.

Àtẹ̀gùn ìta

Àmọ́ kì í ṣe ẹni gbogbo. Ní Atlanta, wọ́n ṣí Fox Theatre ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1929. Ó ń bẹ títí dòní, ẹ lè rí fọ́tò rẹ̀. Inú rẹ̀ dà bí àgbàlá ààfin Lárúbáwá: ògiri olódi yí i ká, ojú ọ̀run wà lókè tí ìràwọ̀ kírísítálì 96 ń tàn nínú rẹ̀. Gbọ̀ngàn ijó Íjíbítì wà nínú ilé kan náà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti yá èyí tó pọ̀ nínú ẹwà náà.

Aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ wo fíìmù níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn wà lọ́tọ̀. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn gíga kan tó wà ní ìta ilé, nínú òjò tàbí oòrùn, títí wọ́n á fi dé ìjókòó òkè téńté, níbi tó jìnnà sí àwòrán jù. Wọn kò rí kápẹ́ẹ̀tì, wọn kò rí òpó, kò sí ẹni tó pè wọ́n ní màdáámù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di àwọn ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ní gúúsù Amẹ́ríkà ló ní irú àtẹ̀gùn yẹn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gba aláwọ̀ dúdú wọlé rárá. Wọ́n fẹ́ ọnà Áfíríkà lára ògiri. Ọmọ Áfíríkà lórí àga ni wọn kò fẹ́.

Obìnrin kan wà tó dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn. Sarah Breedlove ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ayé mọ̀ ọ́n sí Madam C. J. Walker. Wọ́n bí i ní Louisiana ní 1867 fún òbí tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú rí. Ó fọṣọ fún àwọn èèyàn jẹun kó tó di ẹni tó ń ṣe ìpara irun fún àwọn obìnrin dúdú, òwò náà sì sọ ọ́ di olówó. Nígbà tó ń gbé ní Indianapolis, láàárín 1910 sí 1916, ó lọ wo fíìmù ní gbọ̀ngàn kan tó ń jẹ́ Isis. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní kí ó san 25, pé iye tí wọ́n ní kí aláwọ̀ dúdú máa san nìyẹn. Isis, ẹ rántí, orúkọ òrìṣà obìnrin kan ní Íjíbítì ni. Orúkọ òrìṣà Áfíríkà ló wà lórí gbọ̀ngàn náà, ọmọ Áfíríkà ló sì ń san owó ìyà.

Walker padà sílé, ó pe lọ́yà rẹ̀, ó gbé gbọ̀ngàn náà lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ilé tirẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti sinimá máa jọ wà nínú rẹ̀. Ó kú ní 1919 láì tíì rí i. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1927, ní Indiana Avenue. Ilé ìṣeṣọ̀ọ́ irun, ilé oògùn, ilé oúnjẹ, gbọ̀ngàn ijó àti sinimá ló wà nínú rẹ̀.

Kí ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀ṣọ́ sinimá náà? Ọnà Íjíbítì àti Áfíríkà ni. Ère kìnnìún tó ní orí èèyàn, òpó aláràbarà, ojú àwọn jagunjagun dúdú lára ògiri. Ìjọra ọ̀ṣọ́ yìí àti ti Hollywood pọ̀, àmọ́ ìtumọ̀ wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Ní ti Grauman, Íjíbítì jẹ́ ibi jíjìnnà tí èèyàn ń lọ fi ojú jẹ. Ní ti Walker, Íjíbítì jẹ́ ilé. Ẹni tó jókòó sórí àga àti ẹni tí wọ́n yà sára ògiri jọ ara wọn. Ilé náà ṣì wà lórí ìdúró.

Ilé ọba tó wó

Ogun Àgbáyé Kejì parí, wọ́n sì ṣírò pé ní 1946 nǹkan bí mílíọ̀nù 90 tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà lọ́sẹ̀ ní sinimá Amẹ́ríkà. Òkè téńté nìyẹn, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù. Ní 1948, kóòtù gíga jù lọ dájọ́ tó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá yọ ọwọ́ kúrò nínú níní gbọ̀ngàn sinimá. Àwọn ìdílé ọ̀dọ́ ń kó kúrò láàárín ìgboro lọ sí àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì jìnnà sí àwọn ààfin náà. Tẹlifíṣọ̀n wá parí rẹ̀. Nígbà tó fi di 1960, nǹkan bí ilé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà ló ti ní tẹlifíṣọ̀n.

Ọdún 1960 yẹn náà ni wọ́n wó Roxy. Gloria Swanson, òṣèré tí fíìmù rẹ̀ ṣí gbọ̀ngàn náà ní 1927, lọ dúró sí àárín òkìtì bíríkì rẹ̀ nínú aṣọ ìnáwó dúdú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ayàfọ́tò Eliot Elisofon sì yà á fún ìwé ìròyìn Life. Àwa máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Roxy kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Fox ti Atlanta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ìlú ló dáwó jọ, tí wọ́n sì gbà á sílẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn kan wà tí wíwó gbọ̀ngàn kò kàn, nítorí wọ́n ní tiwọn nílé. William Randolph Hearst, olówó tó ni ìwé ìròyìn lọ́tùn-ún lósì, ní yàrá sinimá nínú ààfin rẹ̀ ní San Simeon ní California. Julia Morgan ló ya ilé náà. Ìjókòó bí 50 ló wà nínú yàrá yìí, aṣọ pupa bo ògiri, àwọn ère obìnrin sì to ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú gílóòbù lọ́wọ́. Ní White House, wọ́n sọ yàrá ìkóṣọ-sí di sinimá ní 1942, ìjókòó 42. Kí wọ́n tó ní yàrá náà, ní oṣù Kejì ọdún 1915, Ààrẹ Woodrow Wilson ti ní kí wọ́n fi The Birth of a Nation han òun àti àwọn àlejò rẹ̀ nínú ilé náà. Fíìmù yẹn gbé àwọn Ku Klux Klan ga bí akọni, ó sì fi aláwọ̀ dúdú hàn bí ẹranko. Ẹgbẹ́ NAACP ń lọ láti ìlú dé ìlú láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fi í hàn. Nínú gbọ̀ngàn gbogbogbòò, wọ́n lè tò síwájú ilẹ̀kùn kí wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Nínú ilé ẹnìkan, kò sí ilẹ̀kùn tí èèyàn lè tò sí.

Roxy kékeré

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló gbé ohun tí Hearst ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Hearst. Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC gbé VHS jáde ní 1976. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù gbé Sony lọ sí kóòtù pé olè ni ẹ̀rọ náà ń kọ́ àwọn èèyàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1984, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kóòtù gíga jù lọ sọ pé ẹni tó gba ètò tẹlifíṣọ̀n sórí kásẹ́ẹ̀tì kó lè wò ó nílé nígbà míràn kò ṣẹ òfin. Ní 1982, Dolby ti gbé ohùn tó ń yí èèyàn ká wá fún ilé. Ọ̀nà là.

Lágbedeméjì àwọn ọdún 1980 yẹn ni ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan tó ń gbé New York, Theo Kalomirakis, kọ́ sinimá sí ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní Brooklyn. Ó fún un ní orúkọ: Roxy. Ó fi orúkọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti wó sórí yàrá kan lábẹ́ ilé. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n ní kó wá kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn náà, bó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní 1997, ó gbé ìwé jáde nípa irú àwọn yàrá bẹ́ẹ̀, Private Theaters. Òun ló sọ yàrá sinimá aláṣọ di ohun tí olówó Amẹ́ríkà ń béèrè fún bí wọ́n ṣe ń béèrè fún odò ìlúwẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀ṣọ́ nìkan ni iṣẹ́ náà kò tíì kọ́ ọ rí. Òkùnkùn ni àkọ́kọ́: fèrèsé kan ṣoṣo lè sọ àwòrán di eérú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ìsàlẹ̀ ilé. Ọ̀dà ògiri kò gbọdọ̀ dán, kí ìmọ́lẹ̀ àwòrán má baà ta padà sójú aṣọ funfun. Ohùn ni ìkejì. Ẹ ti wọ ilé tuntun rí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó ẹrù sí. Ẹ sọ̀rọ̀, ó dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri líle ṣe máa ń ba ohùn fíìmù jẹ́. Wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi páálí òwú tí wọ́n fi aṣọ bò há ara ògiri. Wọ́n á yẹra fún yàrá tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba, nítorí ohùn wúfà á kó jọ sí ojú kan, kò ní dé ojú mìíràn. Wọ́n á kọ́ ògiri ní ìlọ́po méjì kí ìbọn inú fíìmù má baà jí ọmọ tó ń sùn lókè. Wọ́n á mọ pèpéle fún àga ẹ̀yìn kó má jẹ́ ìpàkọ́ ará iwájú ló máa wò.

Lẹ́yìn náà ni sípíkà. Mẹ́ta níwájú, àárín fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀tún àti òsì fún ìyókù, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn, wúfà ìkan. Márùn-ún àti ìkan. Òun ni "5.1" tí ẹ máa ń rí lára páálí tí ọ̀rẹ́ yín rà ní Ìbàdàn.

Ìgbà yìí ni aṣọ máa tó dé, kì í sì í dé lásán. Òpó Íjíbítì tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ihò ló wà nínú rẹ̀, sípíkà ló gbé mì. Ìràwọ̀ tó wà ní àjà kì í ṣe gílóòbù bíi ti Eberson mọ́: àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, tí ìmọ́lẹ̀ àtùpà kan ṣoṣo ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Nǹkan tí wọ́n ṣe fún èrò 6,000 ti wọ inú yàrá èèyàn mẹ́jọ.

Ìran àpéwò tiwa

Kásẹ́ẹ̀tì kan náà tó bí yàrá yìí ní Brooklyn dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ míràn ló sì bí. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ìran kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Alárìnjó ń ta òkìtì, ó ń ṣe eré ní ojúde ìjòyè tàbí láàárín ọjà, ẹni tó bá ń kọjá á dúró, á sì di awòran. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, wọ́n fi fíìmù han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀, nítorí náà pálọ̀ ẹni tó ní in di ti gbogbo àdúgbò. Àgbà jókòó sórí àga, ọmọdé jókòó sórí ilẹ̀, àwọn tí àyè kò gbà rọ̀ mọ́ fèrèsé. Ògiri kò ní ọnà, ìràwọ̀ gidi ló wà lókè àwọn ará fèrèsé. Bí ẹ bá bi mí, họ́ọ̀mù tíátà wa àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kò yẹ kí a sọ ọ́ di ìtàn aládùn lásán o. Ilé tí gbogbo ayé ti ń wòran ní owó tí ẹnìkan ń san. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, gbé fíìmù Ọ̀run Mooru jáde ní 1982. Gbèsè ló fi ṣe é. Kó tó lè gbé e káàkiri gbọ̀ngàn àti ilé-ẹ̀kọ́ kí owó rẹ̀ padà wọlé, àwọn kan ti jí i kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á. Àwọn èèyàn jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n ń fi Bàbá Sàlá rẹ́rìn-ín, òun ń bá gbèsè jìjàkadì. Ohun tí adájọ́ márùn-ún ní Amẹ́ríkà pè ní ẹ̀tọ́ ẹni tó wà nílé, àwọn ajífíìmù sọ ọ́ di ọ̀nà ìjẹun tiwọn níbí.

Nígbà tí naira já wálẹ̀, tí ẹ̀rù alẹ́ sì ń ba èèyàn ní ìgboro, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sinimá ní Èkó àti Ìbàdàn kú. Àwọn kan di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan di ilé ìkẹ́rù-sí. Àwọn onítíátà kò lówó láti ṣe fíìmù onírọ́bà mọ́, wọ́n gbé kámẹ́rà fídíò, wọ́n sì ta iṣẹ́ wọn tààrà sí pálọ̀. Ẹ rántí orúkọ tí a ń pè é: "home video". Ní Amẹ́ríkà, olówó kọ́ sinimá sínú ilé. Lọ́dọ̀ wa, odidi iṣẹ́ fíìmù ló ṣí wá sínú ilé, nítorí kò ní ibòmíràn tó lè lọ.

Lónìí, ìtàn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ kálukú, sípíkà wà létí kálukú, mẹ́rin lè jókòó sórí àga kan náà kí wọ́n máa wo nǹkan mẹ́rin. Àpótí Edison ti padà dé, ó kàn kéré sí i ni. Ẹni tó bá kọ́ yàrá sinimá sílé lónìí, yálà ní Atlanta tàbí ní Lẹ́kí, ń gbìyànjú láti kó àwọn ojú yẹn jọ padà. Ìgbìyànjú náà kò burú. Ó kàn jẹ́ pé ojú mélòó, àti ojú ta ni, kò sí lára ohun tí wọ́n ń kọ sára páálí.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú á sọ fún yín pé iye àga ló máa ń darí gbogbo nǹkan yòókù. Àga ló ń sọ bí yàrá á ṣe gùn tó, ibi tí pèpéle á wà, ibi tí sípíkà á dojú kọ, bí àwòrán á ṣe tóbi tó. Òpó àti ìràwọ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Walker mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó san 25 dípò mẹ́wàá, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri ló gbé lọ sílé lọ́kàn. Àga ni.